Kọ́nẹ́tọ̀ Tí Sàníù Rà Lọ́jọ́ Tó Rẹ̀ Ẹ́

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Sàníù ti ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì pé ọgọ́ta ọdún, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti pé ọgọ́rin. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ti ń rá wọ abẹ́ síńkì onísíńkì láti ìgbà èwe á mọ ohun tí à ń wí.

Ládùúgbò yẹn, onílé ló máa ń lọ ra ẹrù iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà pé kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í bu owó lé ọjà. Wọ́n á wá lọ ra kọ́nẹ́tọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n fi ń so páìpù rọ́bà dúdú pọ̀, wọ́n á ní kí Sàníù lò ó bẹ́ẹ̀. Tó bá jò, Sàníù ló jẹ̀bi. Màmá Tíṣà nìkan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá, ló máa ń sọ pé, "Sàníù, lọ mú èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn."

Sàníù náà sì mọ̀ ọ́n mú. Á gé páìpù náà díẹ̀ sápò, kó má baà jẹ́ pé ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù Fàtáì ní Adégbayì, á tú kọ́nẹ́tọ̀, á yọ òrùka rọ́bà inú rẹ̀, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tó dáa máa ń rọ̀, á sì padà sí bó ṣe wà. Á wo òrùka eléyín tó ń di páìpù mú, bóyá eyín rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà á ki páìpù àpò rẹ̀ bọ̀ ọ́, á dè é, á fi gbogbo agbára fà á. Tó bá fi lè yọ, kò rà á mọ́. Fàtáì a máa bi í pé ṣé ìyàwó ló ń fẹ́ ni àbí kọ́nẹ́tọ̀. Sàníù á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ó ti ṣiṣẹ́ nílé méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà. Páìpù tó ti ibi táńkì lọ sí ilé ìdáná ló fẹ́ so. Orúnkún ń ta á, Adégbayì sì jìnnà. Ó rẹ̀ ẹ́, irú àárẹ̀ tí oorun ò lè wò. Ló bá yà sí ìsọ̀ kan létí ọ̀nà, ó ra èyí tó bá níbẹ̀. Ó fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀, ó le gbagidi. Ó gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó mọ̀ pé kò dáa. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dè é, ó wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó gba ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá pè é lórí fóònù pé omi táńkì ti dà nù tán. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí kò ti síná tí wọ́n lè fi fa omi.

Nígbà tó débẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ rí níta, àti àpò aṣọ méjì. Ọmọ́tọ́lá, aránṣọ tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ Màmá, jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Màmá."

"Sàníù, ṣé o ráyé? Àwọn oníbàárà ọmọ yìí ló wa mọ́tò gun páìpù mi. Ó ní irọ́ ni. Iṣẹ́ tí ìwọ fọwọ́ ara ẹ ṣe, kí ló fẹ́ bà á jẹ́? Kó kó ẹrù ẹ̀ lọ lónìí!"

"Mọ́tò kankan ò wọlé, sà," ni Ọmọ́tọ́lá wí.

Sàníù hú yẹ̀pẹ̀. Kọ́nẹ́tọ̀ ti sán láàárín, kò sì sí ipa táyà níbẹ̀ rárá. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé dídákẹ́ ì bá dà bí ìsinmi fún un. Àmọ́ ó tún wo ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà níta, ojú sì tì í. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ má lé e. Èmi ni. Mo mọ̀ pé kò dáa kí n tó dè é. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè dé Adégbayì, mo bá ra jákujàku."

Màmá yíjú sí Ọmọ́tọ́lá. "Má bínú, ọmọ mi. Gbé ẹ̀rọ ẹ wọlé." Ó wá wo Sàníù. "Dìde ńbẹ̀. Ká ní o sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ọ́, ṣé mo máa ní kó o má sinmi ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Sàníù lọ sí Adégbayì, ó yan kọ́nẹ́tọ̀ bó ṣe yẹ. Ó fi ayùn gé ẹnu páìpù gún régé, ó fi ọṣẹ pa á kó lè wọlé dáadáa. Màmá Tíṣà bu omi mímu fún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Lẹ́yìn náà ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó mú awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ Sàníù. Ọdún mẹ́sàn-án tí Sàníù ti ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn, Màmá ò ṣọ́ ọ rí.