Kókó Tí Mo Gé Kúrò Lára Ọrun Bàbá Àdùkẹ́

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí lọ kọ́ṣẹ́ gbígbẹ́ ọrun tí a fi ń ta ọfà lọ́dọ̀ Bàbá Àdùkẹ́ ní Àgọ́-Àrẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni, mo sì ti wo ọkùnrin kan lórí fóònù tó gbẹ́ ọrun tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀yin náà rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù fún mi láti kọ́.

Bàbá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Gbogbo ọrun tí wọ́n gbẹ́ láyé wọn ti wà nílé onílé. Igi àyin kan ṣoṣo ló kù lórí àjà wọn, tí èéfín ààrò ti ń mú gbẹ fún ọdún mẹ́ta. Òun ni wọ́n fẹ́ kó di ọrun tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún ilé tiwọn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Tíṣà ṣáà ni mí.

Ọrun a máa nípọn láàárín, níbi tí ọwọ́ ń dì mú, a sì máa tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó méjèèjì. Ojú lásán ni Bàbá fi ń wọn ìyẹn. Èmi tí mo kàwé mú rúlà àti bírò pupa wá. Àdùkẹ́, ọmọ wọn, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bi mí bóyá ọrun ni mò ń gbẹ́ tàbí bẹ́ńṣì. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Kókó kan yọ gọngọ lára igi náà. Bàbá ní kí n gbẹ́ yí i ká, kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wú. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ kírun, mo wo kókó yìí, òun náà wò mí. Apá kan ọrun gún régé, ìkejì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì ṣàtúnṣe iṣẹ́ ọmọlọ́mọ kò lè fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo gé e. Mo fi sáńpépà dán ojú ibẹ̀. Ó rẹwà.

Kí Bàbá tó padà dé, mo ti so ọsán, okùn awọ tí a fi ń fa ọrun, mọ́ ọn. Mo fà á lójú wọn, kí wọ́n lè yìn mí. Ó dún káà, ó kán. Ibi tó rẹwà yẹn gan-an ló ti kán.

Bàbá fi àtàǹpàkò pa ojú ibẹ̀.

“Tíṣà, níbi kókó ni igi ti ń di ara rẹ̀ mú. Kí ni kókó yìí fi ṣe ọ́?”

Mo ní kò bá apá kejì mu ni.

“Ta ló ní kó bá a mu?”

Àdùkẹ́ kò tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mo lọ gé igi mìíràn lọ́nà Ìpápó. Oṣù mẹ́jọ nìyí tó ti wà lórí àjà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá ń béèrè bóyá ó ti gbẹ, èmi a ní ó ku díẹ̀. Wọ́n ní kó má kánjú, àwọn náà kò kánjú. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ló ń gbé wọn dìde lórí ẹní báyìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ sì tètè bi í léèrè ìdí rẹ̀, nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ láti dáhùn.