Ilé Tí Fídíò Àbúrò Mi Yóò Máa Gbé

Àhesọ tó kọ́kọ́ dé etí mi ni pé àbúrò mi ọkùnrin ti kó gbogbo fídíò ìgbéyàwó tó ti yà láti ọjọ́ tó ti di ayàwòrán, ó ti tà wọ́n fún òyìnbó. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì tí mo gbà ni pé ó lè fẹ́ tà wọ́n. Ìdajì tí n kò gbà ni pé ẹnìkan wà láyé yìí tí yóò fowó ra fídíò ibi tí mo ti ń jẹun níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, tí ẹnu mi kún, tí mo sì tún ń gbìyànjú láti kọrin ìyìn.

Ẹ-Má-Mira ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ojú tó jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ rí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Aṣọ funfun kan wà lára ògiri fún àwòrán pásípọ́ọ̀tì, àga kan wà níwájú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa máa dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú nínú pásípọ́ọ̀tì wọn. Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa ra tiyín?"

Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó fẹ́ dá ibìkan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí èèyàn yóò ti máa sanwó oṣooṣù láti wo ohun tó bá yà: eré àwọn ọmọ ilé-ìwé, bọ́ọ̀lù àdúgbò, ìdíje akọrin. Bàbá tó wà lókè òkun yóò jókòó sí yàrá rẹ̀, yóò sì máa wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú èrò, lásìkò tó ń gbàgbé rẹ̀ gan-an. Obìnrin kan tó ní ilé-ìwé ńlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníléèwé, ti ṣèlérí fún un pé bí ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ilé-ìwé òun bá dé ojú àwọn òbí tó wà lókè òkun láìhá, gbogbo ètò ọdún náà di tirẹ̀. Bí ó bá há, kí ó padà sídìí pásípọ́ọ̀tì. Nítorí ìlérí yìí ló ṣe ń da àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó padà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ sì ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ gbé ilé ró.

Ṣùgbọ́n fídíò kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan níbìkan tí wọ́n ń pè ní sáfà, tí kì í sùn, tí yóò máa fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní tirẹ̀. Rẹ́ǹtì ni wọ́n ń rẹ́ǹtì rẹ̀. Àbúrò mi sì nìyí, ẹni tí kì í kánjú ra bàtà, ká má tíì wá sọ sáfà. Ó kà nípa wọn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bí ó bá rí èyí tó dára, yóò tún rí ẹnìkan ní ìlú kan tó ti lò ó rí, tó ń ṣépè fún un, yóò sì jù ú sílẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, méjì ló kù. Ọ̀kan wà lókè òkun, ó sì ń gba owó bí àwọn tó ń wòran bá ṣe pọ̀ tó, bí omi ẹ̀rọ tó ní mítà. Ìkejì jẹ́ ti ọkùnrin kan nínú ìlú wa níhìn-ín tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sáfà. Owó kékeré kan ló ń gbà lóṣù, kì í lé, kì í dín, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì ọ́fíìsì rẹ̀ pé: KÒ LÓPIN.

Ìyàwó àbúrò mi ní ẹni tó ń rán aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan jẹun kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè mítà tí kò mọ iye tó máa dé. Àbúrò mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò yan ìkankan. Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí.

Nínú ẹbí wa, ẹnikẹ́ni kì í gba yàrá láìjẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Àgbà lọ wo onílé. Agbowó-ilé ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ilé ìyàgbẹ́ onílé ni èèyàn yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo yàrá. Ó béèrè lórí sáfà òkè òkun pé ta ni onílé, níbo ló ń gbé, bí òjò bá jò wọlé, ilẹ̀kùn ta ni a ó kàn? Àbúrò mi ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Bí a ṣe gbéra, tí a lọ wo Ọ̀gá Sáfà nìyẹn.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Kí a tó jókòó, ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìdajì ọ̀rọ̀ sì ti tán níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní òun fẹ́ wo ilé ìyàgbẹ́. Ó mọ́ tónítóní. Ìyẹn ni ìdajì kejì. Àpótí dúdú kan wà ní igun yàrá tó ń kùn hùn-ún, tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà pé kò ní kú, kò ní rọ, kò ní rẹ̀ ẹ́ láé. Gbogbo wa ṣe àmín, Ọ̀gá Sáfà ló ṣe tirẹ̀ kíkan jù.

Ẹ̀yìn ìgbà tí a ti sanwó ni àbúrò mi wá sọ fún mi pé bátìrì tó ń gba iná pamọ́ ni mo gbàdúrà fún. Sáfà fúnra rẹ̀ wà lókè òkun níbòmíràn. Ayálégbé bíi tiwa ni Ọ̀gá Sáfà.

Mo sọ fún un pé àdúrà kì í ṣòfò. Ẹ sì wò ó, lọ́jọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, iná kò lọ rárá.

Fídíò náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lórí fóònù láàárín àkísà àti òwú. Òbí kan pe àbúrò rẹ̀ kó wá wò ó, àbúrò pe ọ̀rẹ́, èrò ń ya wọlé. Ìyá Oníléèwé dìde láti sọ̀rọ̀. Ó na ìka sókè, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. A rò pé ó ń ronú ni. Lẹ́yìn náà ni ojú fóònù funfun báláú, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa nítorí àlòjù. Láti ọjọ́ tó ti di ayàwòrán ni àbúrò mi ti ń bẹ ayé pé kí wọ́n má mira. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbọ́.

Ọ̀gá Sáfà ní òótọ́ ni pé kò lópin, bí a kò bá ti lò ó jù.

Ìyá Oníléèwé bínú, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni. Ó ní kí ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́jọ́ eré ìje, kò sì ní sí ìkẹta. Nítorí náà ni a ṣe jókòó sí pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àgbà láti yan sáfà tuntun, tí Ọ̀gá Sáfà náà sì jókòó sáàárín wa. Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó jókòó. Ó ní àyè kan tún wà tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé owó díẹ̀ ni a ó kàn fi lé e.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní ọmọlúàbí ni ọkùnrin yìí. Ó ṣẹ̀, ó sì wá fi ojú ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àwọn tòkè òkun yẹn, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún wa nínú wọn?

"Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò mi wí, "sáfà ni mò ń wá, mi ò wá àna."

Ìyàwó rẹ̀ ní mítà ló ń ba òun lẹ́rù. Bí èrò bá ya wọlé bíi tọjọ́sí ńkọ́?

"Bí èrò bá pọ̀, ṣé owó wọn ò ní pọ̀ ni? Bí wọn ò bá sì wá, kí ni mo fẹ́ fi kò lópin ṣe?" ni àbúrò mi fi dá a lóhùn.

Obìnrin náà ń fa òwú kan tó lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Ṣùgbọ́n tí ìyẹn náà bá há, o ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló máa sọ ọ́ fún ẹ."

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní obìnrin kì í parí ọ̀rọ̀ tí àgbà ṣì ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé àkọ́kọ́ tó gba owó rẹ̀ rí láyé, àti bí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀gá Sáfà ń mi orí sí i. Mo dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ fi àdúrà sí i. Àbúrò mi yíjú sí mi, mo sì rí i pé ó fẹ́ bi mí pé àpótí wo ni mo fẹ́ gbàdúrà fún lọ́tẹ̀ yìí. Ó dìde, ó gbé àpò kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì.

"Jókòó," ni Ẹ̀gbọ́n Àgbà wí, ó sì na ìka sókè. "Mi ò tíì débi tí mò ń lọ. Má mira níbẹ̀ yẹn."

Ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé ni a ti rí i tó ń gba ojú títì lọ, tó tẹ orí ba, tí àtàńpàkò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, bí ẹni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílé òkè òkun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ìka Ẹ̀gbọ́n Àgbà ṣì wà lókè.