Nọ́ńbà Tó Fọ́

Ìdí mi kì í balẹ̀ rárá. Ìyá mi ní orí èèrà ni mo ń jókòó lé. Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìṣirò ìdá tún wá dá kún un. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá méjì nínú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ń dàrú mọ́ mi lójú.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Fínlándì nígbà náà, ọmọbìnrin bíi tèmi. Olùkọ́ wa ló fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀, kí n lè máa fi lẹ́tà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ìṣirò burúkú yìí lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ní "murtoluku" ni: "luku" ni nọ́ńbà, "murto" sì wá láti ara kí nǹkan fọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé igbá ni nọ́ńbà ni, tí yóò fi fọ́?

Kí n tó fèsì ni bàbá mi kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn àgbà agboolé pè wá jọ láti pín oko kòkó rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Ìyáálé bí márùn-ún, ìyàwó kékeré bí mẹ́ta, ìyá mi bí èmi nìkan. Bí a bá pín ogún ní orí-ò-jorí, iye kan náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni a ó pín in sí, kí àwọn ọmọ ìyá tó pín tiwọn.

Àkọ́bí ìyáálé dìde, ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń pọ̀n mí kọjá odò lásìkò òjò. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká pín in ní orí-ò-jorí. Ọmọ bàbá kan náà ni wá."

Baálé wò mí. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìwọ nìkan lo wà ní ìdí tìrẹ."

Ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan. Mo ti fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ṣe ìṣirò náà sórí ilẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò dàrú mọ́ mi lójú. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kò lè rán mi níléèwé.

Mo ní, "Ìdí-igi ni, bàbá."

Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Kò kàn pè mí mọ́ síbi oúnjẹ alẹ́ tí gbogbo wa jọ ń jẹ.

Mo yege. N kò ṣi ìdá kan ṣoṣo. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi pé òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, nọ́ńbà a máa fọ́. N kò sọ fún un pé mẹ́sàn-án ni wá tẹ́lẹ̀, àti pé èmi ni mo fọ́ ọ.