Ìjókòó Ẹ̀yìn Tí Delfina Rán

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹ̀bi Delfina ni. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo fi bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ọmọ àwọn tó ń tu koríko lóko ìrẹsì Vercelli ni Delfina Barbero. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó wá sí ìlú Torino ní Ítálì, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi Ernesta nílé iṣẹ́ Ọ̀gá Ravizza. Àwọn ọkùnrin ń lu irin títí yóò fi di ara mọ́tò, àwa obìnrin ń rán awọ inú rẹ̀. Delfina kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ gún tó tirẹ̀ nínú gbogbo wa. Mo jowú rẹ̀, kí n má parọ́.

Lọ́dún 1967, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní kí Ọ̀gá ṣe mọ́tò ọlọ́lá kan ṣoṣo tí wọn yóò gbé lọ síbi ìpàtẹ mọ́tò ní Geneva. Bí àwọn olówó bá fẹ́ràn rẹ̀, wọn yóò ṣe ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Ó gùn, ó lọ sílẹ̀, ó sì ń dán. Kò ní ẹ́ńjìnnì o. Irin ni wọ́n dì síwájú rẹ̀ kó lè wúwo, torí ojú ni wọ́n ṣe é fún.

Nígbà tó kan ìjókòó ẹ̀yìn, Oreste, olórí àwa òṣìṣẹ́, wò yíká.

"Delfina, wá jókòó síbí."

"Èmi kẹ̀, Ọ̀gá Oreste?"

"Ṣé kí n lọ ránṣẹ́ sí ọbabìnrin ni? Jókòó jàre, má sì mira."

Wọ́n mú un jókòó sínú ẹfun tí wọ́n fi omi pò, títí ẹfun náà fi le. Àpá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi to irun ẹṣin sínú ìjókòó náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán awọ bò ó.

Èèwọ̀ kan wà nílé iṣẹ́ wa. Bí awọ bá ti bo ìjókòó, ẹni tó ṣe é ò gbọdọ̀ jókòó sí i ṣáájú ẹni tó ni ín. Bó bá jókòó, mọ́tò náà ò ní rí olówó. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e lọ, àwọn yòókù ti lọ jẹun ọ̀sán, ó ku àwa méjì. Delfina ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ pa awọ náà.

"Jókòó," mo ní. "N ó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó má tà ni?"

"Ta ló máa mọ̀? Wọn ò sáà kọ orúkọ sídìí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹgbẹ̀rún yẹn. Lọ́jọ́ kan n ó dúró de ọkọ̀ tírámù lẹ́bàá títì, ọ̀kan nínú mọ́tò yìí á kọjá, n ó sì rí ẹnì kan nínú ẹ̀ tó fara ti ẹ̀yìn mi."

Ó ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní Geneva wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ilé iṣẹ́ ńlá náà ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ẹyọ kan yẹn náà ló kù láyé. Ẹni tó pa èèwọ̀ mọ́ ò rí èrè èèwọ̀.

Ravizza kógbá sílé. Delfina lọ́kọ, ó bímọ, ó sin ọkọ. Síbẹ̀, bí a bá jọ dúró de tírámù, tí mọ́tò gígùn kan bá yọ, á yíjú sí i. Á máa wo fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi kọjá. Ó mọ̀ dájú pé wọn ò ṣe é, ó sì ń wò ó. Àánú rẹ̀ á ṣe mí, n ó wá bú u: "Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sọ fún ẹ!"

Lọ́dún 2021, ojú rírán ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í já níbi tí wọ́n pàtẹ mọ́tò náà sí lẹ́yìn okùn pupa nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú nǹkan níbẹ̀, Ludovica, wá ẹni tó mọ irú rírán bẹ́ẹ̀ káàkiri, ó sì kan Delfina nílé. Mo tẹ̀lé Delfina lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un rán.

"Màmá, ẹ jókòó sí i wò," Ludovica ní.

Delfina já òwú. "Ta ló ni ín báyìí?"

"Ìlú ló ni ín, Màmá."

"Ṣé wọ́n ti jókòó sí i?"

"Rárá o. Kò sẹ́ni tó jókòó sí i rí."

"Ẹ ò rí i? Kò tíì yẹ kí n jókòó."

Inú bí mi. "Ravizza ti kú, Oreste ti kú, èèwọ̀ wọn ni ò ní kú? Wọlé jàre, kí èmi náà tó kú!"

Ó bọ́ bàtà. Ó rọra wọlé, torí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀. Ó jókòó, ó fara tì í, ó sún díẹ̀, ó tún sún. Ogbó ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

"Kò bá mi mu," ó ní. "Ọmọ tí wọ́n fi ẹfun wọ̀n lọ́jọ́sí ò wá."

Omi bọ́ lójú mi.

A fà á jáde. Ó bi Ludovica pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màmá."

"Wọlé, jókòó."

Ọmọ náà wò mí, mo fi orí júwe ìjókòó fún un. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀yìn lé e, ojú rẹ̀ là. "Màmá! Àfi bíi pé èmi ni wọ́n wọ̀n!"

Delfina ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó padà sẹ́yìn okùn pupa, ó dúró bí a ṣe máa ń dúró de tírámù, ó tẹjú mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn tí ọmọ náà wà. Mo lọ dúró tì í. A pẹ́ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́tò náà ò kọjá lọ.