Alágbàfọ̀ àti Ọ̀rá Ara Kòkòrò

Ọgbọ̀n ọdún ni Baba Fífún ti ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, kò sì sí ọ̀rá tó tíì borí rẹ̀: epo mọ́tò, bọ́tà, ìpara ètè tí ọkọ ẹlòmíràn ò lè ṣàlàyé. Nígbà tí dókítà wá sọ fún un pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é, ẹ̀rù ò bà á. Ohun tó tẹ̀lé e ló bí i nínú.

"Ọ̀rá ni kòkòrò náà fi ṣe ẹ̀wù, Bàbá," ni dókítà wí. "Ọ̀rá kan ń fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun ara yín. Òmíràn ń tọ́ wọn níjà. Wọ́n á rọ́ lù ú, wọ́n á há a mọ́, ibẹ̀ á wú, á gbóná. Ìjà yẹn gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́."

"Ọ̀rá?" Baba Fífún dìde fùú. "Nínú àyà tèmi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó kó ọṣẹ oríṣi mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná, ó gba yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ẹyọ kòkòrò kan fún mi kí n fọ̀ ọ́."

Obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò níbẹ̀ kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi aró pupa kun kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bàbá náà lórí gíláàsì, ó da ásíìdì lé e, ó ní kó wá yọjú wo inú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Aró ti ṣí lára gbogbo nǹkan yòókù, àmọ́ àwọn kòkòrò tó wọ ẹ̀wù ọ̀rá náà ṣì pọ́n roro.

"Ṣé ásíìdì lẹ dà sí i yẹn?"

"Ásíìdì ni, sà."

Baba Fífún ṣí fìlà. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá nìyí."

Ó délé, kò jẹ, kò mu. Ìyàwó rẹ̀ gbé oògùn tí dókítà fún un síwájú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ gbé e mì."

"Ṣé ó ń fọ ọ̀rá?"

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó wọ́ ọ padà sọ́dọ̀ dókítà.

"Kò fọ ọ̀rá," ni dókítà wí. "Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò rí ọ̀rá tuntun ṣe."

"Háà! Ẹ ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ tó ń rán ẹ̀wù kòkòrò!" Ó gbé oògùn mì lójú ẹsẹ̀.

Fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò pa ọjọ́ kan jẹ, a sì máa ṣàlàyé ọ̀rá náà fún àwọn oníbàárà títí wọ́n á fi gbàgbé aṣọ tí wọ́n wá gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kòkòrò ti tán, ó sáré gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, tí ikọ́ kì í jẹ́ kó gùn tán tẹ́lẹ̀, láìdúró mí.

"Ta ló ń sáré bọ̀ yẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe láti inú ilé.

"Ọkọ ẹ ni!"