Irun Tí Àǹtí Siok-bi Fọ̀

Wọ́n ní irun tí Àǹtí Siok-bi fọ̀ fún ìyá ọmọ ló kó àìsàn ran ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní òtútù omi orí ló gba inú ọmú wọ ọmọ lára.

Ní Tainan wa níbí, abiyamọ kì í fọ orí títí oṣù kan yóò fi pé. Àǹtí mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú abiyamọ, ló ti fi ogún ọdún pariwo òfin yìí. Àfi bí ìyá ọmọ ṣe bẹ̀ ẹ́ tó sì gbà! Ní báyìí, abiyamọ mẹ́ta ti ní kó má wá mọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tí irun tiyín ò rí omi láti ọjọ́ Àìkú!"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, aláṣejù! Ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé sí i lójú.

Lánàá, bàbá ọmọ gba fáìlì ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì wá kà á fún wa. Oṣù kan kí wọ́n tó bí ọmọ ni àyẹ̀wò ti rí kòkòrò àìsàn náà lára ìyá rẹ̀, dókítà kò sì fún un lóògùn tí kì í jẹ́ kó ran ọmọ nígbà tó ń rọbí.