Ọ̀rọ̀ Ẹnu Tó Kó Gíláàsì Mi Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ mi, kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí nílé mi ní Dópemu láyé ìjọba ológun, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, sọ ọbẹ̀ di omi lásán lórí iná.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò ní Ìkejà ni mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí nǹkan le, tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ọ̀gá wa kan, ará Amẹ́ríkà, ta àwọn gíláàsì kan fún mi, èyí tí bàbá rẹ̀ kó jọ. Kì í ṣe gíláàsì ẹ̀rọ o! Ẹnu ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn fi fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ bàlúùnù, nígbà tí èmi ṣì wà lọ́mọdé. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí àpá bí ìdodo, níbi tí wọ́n ti kán an kúrò lára ọ̀pá irin tí wọ́n fi dì í mú nínú iná. Òmíràn pupa bí epo. Ọ̀kan ní ọrùn gígùn bíi ti lékèélékèé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa irú wọn kiri ilé àwọn òyìnbó tó ń lọ.

Ìyàwó mi a ní, "Bàbá Rónkẹ́, ará yòókù ń kó ìrẹsì jọ, ẹ̀yin ń kó òfìfo!"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òdìkejì títì wá kí mi. Ọmọ káàárọ̀-oòjíire bíi tèmi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára pẹpẹ tí mo to gíláàsì mi sí.

"Bàbá, aláwọ̀ ewé yìí mà dára o!"

"Tiyín ni, Ọ̀gá."

Ta ni kò mọ ìyẹn? Bí àlejò bá yin ohun ìní ẹni, a ní tirẹ̀ ni. Òun náà a ní kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ó parí! Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ ìdáhùn, kò fọ̀ ọ́. Ó fi gíláàsì náà há abíyá, ó lọ.

Ó tún padà wá. Ó yin aláwọ̀ aró. Mo bi í léèrè àlàáfíà ilé rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ wí níjọ́sí?"

Ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, kí lẹ̀ bá wí? Mo wí i. Bẹ́ẹ̀ ni pẹpẹ mi ń pá díẹ̀díẹ̀ bí orí àgbà, títí ó fi ku ọlọ́rùn lékèélékèé nìkan. Bí mọ́tò bá ti dúró níta, gbogbo ilé a kọjú sí ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó, kò wo pẹpẹ rárá. Rónkẹ́, àkọ́bí mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé omi wá fún un. Ó tẹjú mọ́ ọn títí ọmọ náà fi wọ yàrá.

"Bàbá, eléyìí náà dára o."

Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

Mo dìde, mo gbé ọlọ́rùn lékèélékèé lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí ló kù. Ohun tí wọ́n fi ẹnu fẹ́ ni mo lè fi ẹnu yọ̀ǹda. Ọmọ mi, a kò fi ẹnu bí i."

Ó dojú gíláàsì náà délẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ìdodo rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá.

"Kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó dáhùn! Àdúrà ni, àbí? Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ tòun ti gíláàsì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Kí oòrùn tó wọ̀, Rónkẹ́ ti wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Títí wọ́n fi gbé ọkùnrin náà lọ síbòmíràn, ọmọ mi kò sun ilé mi mọ́.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tèmi kò fọ́. Odidi ni ẹlòmíràn gbé e lọ. Ẹ ṣọ́ ẹni tẹ́ ẹ ó máa fi ọ̀yàyà bá lò. Àjèjì tí kò mọ àṣà sàn ju ọmọ ilé tó mọ̀ ọ́n tí kò kà á sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín mú yín rí? Ẹ rò ó níbí, etí mi ń bẹ nílẹ̀.